Ẹ Wo Ẹnu Kámẹ́rà Kẹ́ ẹ Tó Sanwó: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ti Orí Fíìmù Bọ́ Sí DSLR

Lóṣù méjì sẹ́yìn, arákùnrin kan gbé báàgì kámẹ́rà rẹ̀ wá bá mi. Bọ́dì DSLR tuntun (kámẹ́rà dígítàlì tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, láìsí lẹ́ǹsì lẹ́nu rẹ̀) wà nínú ẹ̀, lẹ́ǹsì mẹ́ta tó ti ń lò láti ayé fíìmù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ bọ́dì náà. Gbogbo owó tó tù jọ ló ti kó lé ohun tí kò lè fi yà fọ́tò ẹyọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo máa ṣe báyìí?"

Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí i. Òun ni ẹnì kẹrin tí mo rí lọ́dún yìí nìkan tó jìn sí kòtò kan náà, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo, "Ṣé lẹ́ǹsì mi á wọ ẹnu bọ́dì yìí?", ni ì bá kó gbogbo wọn yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Mi ò ní ṣàlàyé aperture tàbí ìyára ṣọ́tà fún ẹni tó ti fi fíìmù ṣe é yege. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí fíìmù kò kọ́ wa ni mo bá wá.

1. Kí èèyàn máa lé megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tó ń para pọ̀ di fọ́tò. Bọ́dì 6 megapixel ń fún yín ní nǹkan bí 3000 àmì ní ìbú àti 2000 ní òró. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 àmì sí íǹṣì kan, fọ́tò tó fẹ̀ tó íǹṣì 10, tó sì ga ju íǹṣì 6 ààbọ̀ lọ nìyẹn, á sì mọ́ kedere. Mélòó nínú fọ́tò yín lẹ ti tẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ rí? Bọ́dì àlòkù 10 tàbí 12 megapixel tó o. Ẹ fi owó tó bá kù ra lẹ́ǹsì.

2. Kí èèyàn ra bọ́dì láì wo ẹnu rẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́ rèé. Ẹnu kámẹ́rà ni mo ń pe òrùka irin iwájú bọ́dì, níbi tí lẹ́ǹsì ti ń wọlé. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àwọn kan sì ti pààrọ̀ tiwọn láàárín ọ̀nà. Orúkọ kan náà lè wà lára lẹ́ǹsì àti lára bọ́dì, kí wọ́n má sì bára mu rárá.

Ẹ wo Canon. Lẹ́ǹsì FD ni àwọn kámẹ́rà fíìmù wọn bí AE-1 àti A-1 ń lò. Lọ́dún 1987, wọ́n gbé ẹnu EF jáde, wọ́n sì fi FD sílẹ̀. Láti ẹnu kámẹ́rà FD dé orí fíìmù jẹ́ mìlímítà 42, ti EF sì jẹ́ 44. Mìlímítà méjì yẹn ló fa gbogbo wàhálà: tẹ́ ẹ bá fi òrùka lásán so lẹ́ǹsì FD mọ́ DSLR Canon, ohun tó bá ti jìnnà kò ní mọ́ kedere mọ́ láé. Òrùka tó ní gíláàsì nínú wà, àmọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn máa ń sọ fọ́tò di bàìbàì. Ẹ má náwó sí i. Ẹni tí kámẹ́rà fíìmù tirẹ̀ bá jẹ́ EOS, ìyẹn àwọn Canon tó ń lo ẹnu EF, ni kó máa yọ̀, torí lẹ́ǹsì EF rẹ̀ á ṣiṣẹ́ lórí DSLR Canon.

Ti Nikon ló lọ́jú pọ̀ jù. Láti 1959 ni ẹnu F ti wà, ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì àtijọ́ ló sì máa wọ bọ́dì dígítàlì. Àmọ́ pé ó wọ̀ kọ́ ni pé ó ṣiṣẹ́. Lẹ́ǹsì AF àti AF-D, àwọn alautofocus tí fókọ́ọ̀sì wọn kì í ṣe ọwọ́ la fi ń yí i, kò ní mọ́tò nínú, bọ́dì ló ń bá wọn yí fókọ́ọ̀sì. Àwọn bọ́dì bí D40, D60, ìdílé D3000 àti ìdílé D5000 kò ní mọ́tò yẹn. Ọwọ́ lẹ máa fi yí i, ojú ihò tí ẹ ó sì máa yọjú wò kéré, ó sì ṣókùnkùn ju ti kámẹ́rà fíìmù yín lọ. D80, D90 àti D7000 ní mọ́tò. Lẹ́ǹsì AI tí kò ní autofocus rárá wá ńkọ́? D90 kò ní bá yín wọn ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. D200, D300 àti D7000 á wọ̀n ọ́n. Àwọn lẹ́ǹsì tó ti wà ṣáájú 1977, tí wọn ò tíì tún ẹnu wọn ṣe, ẹ má fi agbára tì wọ́n wọ D200, D300 tàbí D7000. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu bọ́dì tó lè kán.

Ìyà mọ́tò yìí ti jẹ èmi náà. Mo ra bọ́dì kékeré kan torí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn. Ọjọ́ táwọn ọmọdé ń sáré ìdíje ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 85 tí mo fẹ́ràn jù. Mo tẹ bọ́tìnì, lẹ́ǹsì ò mira. Kí n tó fi ọwọ́ yí i tán, ọmọ ti kọjá lọ. Nínú igba fọ́tò àti díẹ̀, mọ́kànlá péré ló mọ́. Ó wà nínú ìwé tó bá bọ́dì náà wá, mi ò kà á. Àwọn òbí tó ti sanwó fún mi ṣáájú, mo dá owó wọn padà, ó sì dùn mí fún ìgbà pípẹ́.

Pentax ló rọrùn jù fún ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí lẹ́ǹsì K sì wà nílé. Láti 1975 ni ẹnu K ti wà, àwọn lẹ́ǹsì yẹn sì ń wọ DSLR Pentax. Àwọn tí kò ní lẹ́tà A lára òrùka aperture wọn, bọ́tìnì kan lẹ máa tẹ̀ kí bọ́dì tó bá yín wọn ìmọ́lẹ̀. Kódà lẹ́ǹsì M42 onískúrù ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú òrùka lásán, torí pé bákan náà ni jíjìnnà wọn sí fíìmù. Ẹni tó bá ní Minolta alautofocus láti 1985 síwájú, DSLR Sony ni kó wá. Sony gba ẹnu yẹn lọ́wọ́ wọn ní 2006.

Lẹ́yìn ẹnu, ẹ ronú nípa ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán dípò fíìmù. Ojú fíìmù jẹ́ mìlímítà 24 sí 36. Sẹ́ńsọ̀ àwọn bọ́dì olówó pọ́ọ́kú kéré sí i, nítorí náà ó ń gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò dànù: ẹ sọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì yín (mìlímítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀) di ìlọ́po 1.5, tàbí 1.6 tó bá jẹ́ Canon. Lẹ́ǹsì 28 tẹ́ ẹ fi ń kó gbogbo ẹbí sínú fọ́tò kan á wá ríran bíi 42 tàbí 45, ẹ̀yìn yín á sì kan ògiri kí gbogbo èèyàn tó wọlé. Lẹ́ǹsì 18-55 àlòkù ló ń yanjú ìyẹn, kò wọ́n. Èrè rẹ̀ ni pé 50 yín á di bíi 75, ó sì dára gan-an fún fọ́tò ojú èèyàn.

3. Fíláàṣì àtijọ́. Àwọn kan wà tí iná tó ń jáde ní ìdí wọn ju 200 fóltì lọ. Kámẹ́rà fíìmù onírin lè gbà á, àmọ́ ó lè jó ẹ̀rọ inú DSLR. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì ka ìwé bọ́dì yín kẹ́ ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Ṣájà: ẹ rí i pé ó wà nínú àpótí kẹ́ ẹ tó sanwó àlòkù.

Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Ọ̀pọ̀ bọ́dì ni wọ́n ṣe fún nǹkan bí 100,000.

Káàdì: àwọn bọ́dì tó ti pẹ́ tó ń lo SD kì í ka èyí tó ju 2GB lọ.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Fíìmù ń yí ojú tuntun wá fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ kan náà lẹ máa lò títí. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/22 kẹ́ ẹ tó ra àlòkù, gbogbo àbààwọ́n á jáde.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo tún fẹ́ bá yín sọ, torí ọwọ́ tó ti mọ́ fíìmù lára ló ń ṣe é. Fíìmù nẹ́gétíìfù fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ àlékún; tẹ́ ẹ bá fún un ní àlékún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan (stop kan), yàrá òkùnkùn á bá yín tún un ṣe. Dígítàlì kò rí bẹ́ẹ̀. Bíi fíìmù sláìdì ló rí: ibi tó bá ti funfun tán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fà jáde. Nígbà ìgbéyàwó kan, mo fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan kún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo délé, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ìyàwó ti pòórá, ó dà bíi bébà. JPEG nìkan, fáìlì tí kámẹ́rà ti fún pọ̀, ni mo fi yà á; kò sí RAW, fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí, tí ì bá gbà mí díẹ̀. Mo ní láti sọ fún ìyàwó náà fúnra mi. Ẹ máa wo histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù sinmi, kẹ́ ẹ sì lo RAW.

Nẹ́gétíìfù mi tó ti lé ní ogún ọdún ṣì wà nínú páálí. Hard disk méjì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹ pa fọ́tò mọ́ sí ibi méjì, kí ibì kan má sì sí nínú ilé kan náà.

Arákùnrin tó gbé báàgì wá, lẹ́ǹsì K ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀. Ó rí bọ́dì náà tà, ó pàdánù díẹ̀, ó sì ra Pentax àlòkù 10 megapixel. Owó ṣì kù tó fi ra bátìrì kejì àti 18-55. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi: ìyá rẹ̀ lórí àga, létí fèrèsé, lẹ́ǹsì 50 àtijọ́ náà ló fi yà á.