Bí a ṣe ń dá dídán padà sára ọkọ̀ ojú omi tí oòrùn ti mú ṣá

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fáíbà tó ti pẹ́ lójú oòrùn. Bí ọwọ́ yín bá funfun bí ẹni fọwọ́ kan ẹfun, gelcoat rẹ̀ ló ń kú lójú. Gelcoat ni awọ òde tó le, tó sì ń dán, tó bo fáíbà. Oòrùn ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí òkè rẹ̀ fi di lẹ́búlẹ́bú. Mo ti rí ọlọ́kọ̀ létí ọ̀sà Èkó tó torí èyí sáré lọ ra ọ̀dà. Ó dùn mí, torí ọkọ̀ náà kò nílò ọ̀dà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i lára. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yọ nígbà tó tutù, tó tún ṣá nígbà tó gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì dáa.

Ẹ gbé e sí abẹ́ ibòji, torí ara ọkọ̀ tó bá gbóná máa ń mú kí rubbing compound, ìyẹn ìpara tó ń ha òkè díẹ̀díẹ̀ kó lè dán, tètè gbẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa. Iyanrìn tó bá kù lára rẹ̀ á ha á. Bó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú acetone, kẹ́míkà tó ń tètè gbiná, nu wax àtijọ́ (ìda tí a fi ń pa ara ọkọ̀) kúrò, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí iná kò sì sí nítòsí.

Ẹ wá fi rubbing compound dán ibi kékeré kan tó fara sin wò. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń dán ara ọkọ̀ ni kẹ́ẹ lò, pẹ̀lú páàdì onírun. Ẹ má lo èyí tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó ni kẹ́ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ sì fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú un.

Bó bá dán lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan sáńpépà. Gelcoat kì í sábà nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ, èyí tí ẹ bá sì ti ha kúrò ti lọ nìyẹn. Àfi bó bá kọ̀ tí kò dán ni kẹ́ẹ mú sáńpépà inú omi: nọ́ńbà 1000, lẹ́yìn náà 1500, ká tó wá kan 2000; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ń kúnná tó. Ìkọ̀ọ̀kan ní láti pa ojú ibi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ha rẹ́. Omi tó ń ṣàn á máa jọ àwọ̀ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá rí i pé ojú ibẹ̀ yí padà, tí okùn fáíbà ń hàn, ẹ dúró: gelcoat tuntun nìkan ló lè tún ibẹ̀ ṣe. Etí àti igun ló tètè máa ń bẹ́, ọwọ́ lásán ni kẹ́ẹ lò níbẹ̀.

Lẹ́yìn sáńpépà, ẹ padà sórí rubbing compound, kẹ́ẹ wá fi páàdì fóòmù àti pólíìṣì parí rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ fi wax pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá ṣú bí kùrukùru, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ọjọ́ tí omi kò bá kóra jọ lára rẹ̀ mọ́ bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ tún wax rẹ̀ pa.