Bí A Ṣe Kọ Àfojúsùn Ẹ̀kọ́ fún Ilé-Ìwé Abúlé Mẹ́fà ní Òkè-Ògùn

Ìwé tó ti ọ́fíìsì wá kò gùn. Wọ́n ní kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tó wà láwọn abúlé tó jìnnà jù ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, lápá Òkè-Ògùn, kọ àfojúsùn ẹ̀kọ́ fún sáà tuntun, kí n sì bá wọn tò ó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gun ọ̀kadà kiri àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, kí n máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì, èmi náà ni wọ́n sì já ìwé ọ̀hún lé lọ́wọ́.

Ilé-ìwé kéékèèké ni. Méjì nínú wọn kò ní ju olùkọ́ mẹ́ta lọ fún kíláàsì mẹ́fà, nítorí náà olùkọ́ kan á kó kíláàsì méjì sí yàrá kan, àwọn kan á kọjú sí pátákó iwájú, àwọn yòókù á kọjú sí ti ẹ̀yìn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọmọ má ju 35 lọ lábẹ́ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tiwa kì í tó bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ẹyọ kan. Kíláàsì ló pọ̀ ju olùkọ́ lọ lọ́dọ̀ wa.

Mo kọ́kọ́ ní kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mú èyí tí wọ́n ti kọ lọ́dún tó kọjá wá. "Kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ yege." "Kí ìfẹ́ ìwé kíkà gbilẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́." "Kí ìwà ọmọlúàbí pọ̀ sí i." Ta ló máa bá èèyàn jiyàn lórí ìyẹn? Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó kọ́ ọmọ ló ń ṣe ìdánwò fún un, òun náà ló ń máàkì í. Bí ọ̀gá bá fẹ́ 90, ọ̀gá á rí 90. Nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ọmọ kíláàsì karùn-ún tí kò lè ka àkọlé ara ògiri. UNICEF tilẹ̀ ti sọ ọ́ nípa Nàìjíríà pé, nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàrin ọdún 7 sí 14, bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan. Mo bá sọ fún wọn pé a ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí a ó fi pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, kó kàwé sí wa létí.

Ọ̀nà tí a gbà ṣe é kì í ṣe tèmi. Ẹgbẹ́ Pratham ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ló gbé e jáde. Ìwé ojú kan ṣoṣo ni. Lẹ́tà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú kan wà níbẹ̀, ìtàn tó gùn díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìpínrọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọ. Bó bá kà á geerege, ó di ìtàn. Bó bá ń kọsẹ̀, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tún le fún un, ó di lẹ́tà. Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ lórí ọmọ kan, kò sì sí máàkì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ bù kún.

Èmi ni mo kọ ìpínrọ̀ náà fúnra mi: "Bàbá Àdùkẹ́ gbin kajú sí ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó jẹ ewé rẹ̀. Àdùkẹ́ lé e jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín." Olùkọ́ kan ní ṣebí ìwé kíkà àwọn ọmọ wà nílẹ̀, kí ló dé tí mo ń dá ara mi láàmú. Mo ní kó pe ọmọ tó gbọ́n jù wá. Ọmọkùnrin kan wá láti kíláàsì kẹta, ó ṣí ìwé, ó sì ń rọ́ ọ bí odò. Nígbà tó dé àárín, mo rọra ṣí ojú ìwé míì fún un. Kò tilẹ̀ dákẹ́. Ó ń bá ti àkọ́kọ́ lọ títí ó fi parí rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ìlà tó sọ nǹkan mìíràn pátápátá. Gbogbo ìwé yẹn ló ti wà lórí rẹ̀. Orí ọmọ náà pé dáadáa o. Kíkà ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ.

Ohun méjì ni mo tún ń rí léraléra. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń wo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, wọ́n á sì méfò ìyókù: wọ́n rí "ewúrẹ́", wọ́n ní "ewé". Èkejì, àwọn tó ti kọ́ A B C ti Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó kọ́ ábídí Yorùbá ń pe "gb" ní "jíì-bíì", bíi pé lẹ́tà méjì ni. Kò sì sí bí "jíì-bíì" ṣe máa di "gbin" lẹ́nu ọmọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́, nítorí pé nǹkan tí ọ̀sẹ̀ méjì lè yanjú ni.

Èdè ló fa àríyànjiyàn tó le jù nígbà tí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé péjọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀gá kan ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá òun pé òun ń fi Yorùbá dán ọmọ wò. Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá ṣì wà lórí táímtébù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kò sì sí òfin tó ní kí ọmọ má mọ̀ ọ́n kà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. A fẹnu kò sí i pé Yorùbá nìkan ni a ó fi dán kíláàsì kìíní sí ìkẹta wò, tí kíláàsì kẹrin sókè á sì ka méjèèjì. Àwọn ọmọ Fúlàní àti ọmọ Ègùn tó wà láàrin wọn ńkọ́? Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń sọ nílé, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń ṣeré, òun ni wọ́n sì fi ń jà.

Nígbà tí a ti mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, mo gba rẹ́jísítà. Gbogbo olùkọ́ ló ti sọ fún mi pé ọjà ni kì í jẹ́ kí ọmọ wá. Mo fẹ́ rí i lójú ìwé. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà lọ́dọ̀ wa, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, tí wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ọn, nítorí náà kì í dúró sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ òyìnbó. Mo fi bírò pupa yí àwọn ọmọ tí kò wá po. Ọ̀sẹ̀ kìíní, Ajé àti Ẹtì ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ó tún wá padà sí Ajé àti Ẹtì. Pupa náà ń sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ́jísítà bí àtẹ̀gùn. Olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun ti ń fi ọjọ́ Ẹtì ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì yé òun rí ìdí tí máàkì fi máa ń wálẹ̀ lójijì láwọn ọ̀sẹ̀ kan.

A pe ìgbìmọ̀ SBMC jọ, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú àti òbí tó ń bá ilé-ìwé ṣe àbójútó. Baálẹ̀ wá, alága òbí wá, Sẹ́ríkí àwọn Fúlàní wá, ìyálọ́jà náà sì wá. Èmi ò ní sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Àmọ́ ìyálọ́jà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin tíṣà, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé lẹ ti ń ní kí ọmọ máa wá ilé-ìwé lọ́jọ́ ọjà. Ta ló máa bá mi ru ẹlùbọ́?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Aago mélòó lẹ máa ń gbéra?" Ó ní aago mẹ́sàn-án ti pẹ́ jù. A bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mo ní aago méjìlá, ó rẹ́rìn-ín mi. Ibi tó parí sí ni pé ọmọ á dúró títí aago ìsinmi àkọ́kọ́ á fi lù, kó tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Àwa náà ṣèlérí pé ìwé kíkà ni a ó máa kọ́kọ́ ṣe lójoojúmọ́, gbàrà tí wọ́n bá ti kúrò lórí ìlà, kí ẹni tó ń lọ ọjà má pàdánù rẹ̀.

Ìṣirò kò gba àsìkò púpọ̀. Mo kọ 52 yọ 27 sójú pátákó fún kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, 35 ni èyí tó pọ̀ jù kọ dípò 25. Wọ́n yọ 2 kúrò nínú 7 nítorí pé 2 ló kéré. Mo wá bi ọmọbìnrin kan tó kọ 35: "Mo fún ẹ ní 500 náírà, mo ra ẹ̀pà 270, èló ni ṣéńjì mi?" Kò tíì jẹ́ kí n pa ẹnu dé tó fi ní 230. Torí náà, a ní kí àwọn olùkọ́ máa ti ìdí owó bọ̀ sí ìdí pátákó, kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin yíyá, ìyẹn kí ọmọ yá mẹ́wàá lọ́wọ́ nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́.

Mẹ́ta péré ni àfojúsùn tí a kọ. Àkọ́kọ́: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan láti kíláàsì kẹta dé ìkẹfà, tí kò tíì lè ka ìtàn, fi ìpele kan gòkè kí táàmù kìíní tó parí, ẹni tó wà ní lẹ́tà kó dé ọ̀rọ̀, ẹni tó wà ní ọ̀rọ̀ kó dé ìpínrọ̀. Èkejì: kí ọmọ kíláàsì kẹrin lè yọ nọ́ńbà olójú méjì kúrò nínú òmíràn, ní kíkọ, kó sì lè sọ bó ṣe rí i. Ìkẹta: kí ọmọ tó ń lọ ọjà wà ní kíláàsì di ìgbà ìsinmi. Ọ̀gá kan fẹ́ fi sáyẹ́ǹsì kún un, òmíràn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kún un (ilé-ìwé rẹ̀ kò ní iná). Mo rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi yọ ọ́. A kò sì fi àfojúsùn kankan sí oṣù kajú. Láti bí oṣù kejì dé oṣù kẹrin, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè bá kajú du ọmọ lọ́wọ́ òbí. Táàmù kìíní ni a kó iṣẹ́ lé.

Fún wákàtí ìwé kíkà, a da kíláàsì pọ̀, a sì pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìpele wọn. Olùkọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ́ mẹ́ta, ó bá ilé-ìwé wa mu ju kíláàsì mẹ́fà lọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn àgbà ọmọ tó máa jókòó pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹta. A kò fi nọ́ńbà pe ẹgbẹ́ kankan, nítorí ọmọ mọ ohun tí "ẹgbẹ́ kẹta" ń sọ nípa rẹ̀. Orúkọ ẹyẹ ni wọ́n jẹ́: òkín, àdàbà, odídẹrẹ́. Àgbà ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹfà kò wá fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìtìjú. Olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹni tó ń di káàdì lẹ́tà mú fún àwọn kékeré, ó sì padà wá.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, a tún gbé ìwé ojú kan náà jáde, pẹ̀lú ìpínrọ̀ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí olùkọ́ kò dán ọmọ tirẹ̀ wò. Olùkọ́ abúlé kan ń lọ sí ti èkejì. Àwọn tó wà ní lẹ́tà ló gòkè jù, ọ̀pọ̀ wọn ti ń ka ọ̀rọ̀. Láti ọ̀rọ̀ dé ìpínrọ̀ falẹ̀, ilé-ìwé méjì nìkan ló sì dé ibi tí wọ́n kọ. Ìṣirò ti dára sí i níbi tí olùkọ́ ti ń lo owó. Ìyálọ́jà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, àwọn ìyá kan kò mú un ṣẹ.

Ní ilé-ìwé kan, wọ́n gbé olùkọ́ tó ń kọ́ ẹgbẹ́ àdàbà lọ síbòmíràn láàrin táàmù, ẹgbẹ́ náà sì dúró sójú kan. Àwọn ọ̀gá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n má ṣe gbé olùkọ́ kankan kúrò ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí títí di oṣù keje. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i, baálẹ̀ náà tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, èsì kò tíì dé.