Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọ

Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín kì í ṣe àwọn òbí tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ àwọn kò ní gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí kò ṣe àwọn tí wọ́n gbà, tí wọ́n tilẹ̀ ní káàdì rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ọjọ́ falẹ̀. Irú wọn pọ̀ láàrin wa ní Iléṣà, inú rere ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń ṣe é.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó ní orúkọ. Ìyá tí ó bí sí ilé agbẹ̀bí lè pinnu pé òun kò ní gbé ìkókó jáde títí di ọjọ́ ìkómọjáde, àwọn mìíràn a sì fẹ́ kí ogójì ọjọ́ pé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú ti ọjọ́ ìbí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Láàrin wákàtí 24 ni ó yẹ kí ọmọ gbà á, nítorí pé ìyá tí ó ní kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀ lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, bí abẹ́rẹ́ náà bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni agbára rẹ̀ láti dí àrùn yìí lọ́nà ń dín kù. Ìgbà yìí náà ni ti BCG tí ó wà fún ikọ́ ife, àti ẹ̀kán àkọ́kọ́ oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Bí ara ìyá kò bá tíì le, bàbá tàbí ìyá àgbà lè gbé ọmọ lọ. Ojú ibi tí a gún BCG sí lápá òsì lè di egbò kékeré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó fi àpá sílẹ̀. Egbò yìí ni àwọn ìyá àgbà wa máa ń gbógun tì pẹ̀lú omi gbígbóná àti òrí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Nítorí pé abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń tún gún, àwọn òbí kan gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó, pàápàá bí ara ọmọ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ sì pàṣẹ pé kò tún gbọdọ̀ lọ mọ́. Ara gbígbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe àmì pé abẹ́rẹ́ ba ọmọ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ ń fi àrùn han ara ọmọ. Ìgbà kejì àti ìkẹta ni ó ń sọ ara rẹ̀ di alágbára sí i. Bákan náà, kí ọmọ máa da ikun nímú díẹ̀ kò tó ohun tí a ó fi sún ọjọ́ síwájú. Ẹ gbé e lọ, kí nọ́ọ̀sì wò ó. Ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà kò sì rọ́pò abẹ́rẹ́ kankan nínú ìwọ̀nyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí ọmọ, nígbà tí abẹ́rẹ́ éèyi kàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó lé ní oṣù márùn-ún tí abẹ́rẹ́ kò fi ní sí. Ìyá ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Atákúmọ̀sà, ọmọ ti ń rá, ara rẹ̀ le koko, káàdì sì ti wọ ìsàlẹ̀ àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹsàn-án kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kàn ṣàdéédéé mú. Ààbò tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ni ó ń bá a lé éèyi sẹ́yìn ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, òun kan náà ni kì í sì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ éèyi ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá tètè gún un. Nígbà tí ọmọ yóò bá fi pé oṣù mẹ́sàn-án, ààbò yìí ti tán lára ọ̀pọ̀ wọn. Òbí tí ó bá ní òun yóò lọ lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì ti fi ọmọ sílẹ̀ láìní aṣọ lára. Ọjọ́ yìí kan náà ni ti ibà pọ́njú àti yírùnyírùn.

Kò sì parí síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Nínú ọmọ 100 tí ó gba abẹ́rẹ́ éèyi ní oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí 85 ni ó ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Nítorí àwọn tó kù ni a ṣe ń gún ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìhà gúúsù Nàìjíríà ní ọdún 2019. Òbí tí ó bí ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò gbọdọ̀ fi ti àkọ́bí ṣe ìṣirò fún àbúrò.

Ohun kan wà tí ó máa ń bí àwọn ìyá nínú: kí wọ́n dé ilé ìwòsàn alábọ́dé kí wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìgò kan abẹ́rẹ́ éèyi tàbí BCG máa ń tó ọmọ púpọ̀, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ kí wọ́n tó da èyí tó bá kù nù. Ìdí nìyí tí àwọn ibòmíràn fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ náà kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ẹ má sì fi káàdì ṣeré. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, fi ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé dán ètò kan wò, nínú èyí tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ìwé ìlera ọmọ rẹ̀ sílé. Ètò náà tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà ni a ti ń bá káàdì ọmọ lábẹ́ àwo epo.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá lọ́nàkọnà, àṣìṣe tó burú jù ni kí ìtìjú dá ìyá dúró sílé, tàbí kí ó gbà pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, àfi kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ dé ni nọ́ọ̀sì yóò ti bá a tẹ̀síwájú, ó kéré tán pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàrin abẹ́rẹ́ kan àti èkejì rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú káàdì dání, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gún èyí tó kẹ́yìn.