Bí A Ṣe Ń Fi Máàpù Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Tẹ̀ Wá Ìtàn Ìdílé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìwé ìkànìyàn lè sọ orúkọ baba ńlá ẹni àti iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí àdúgbò rẹ̀ ṣe rí. Máàpù tí Ordnance Survey, iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yà láyé Ọbabìnrin Victoria ni yóò fi èyí hàn, àwọn atẹ̀wé sì ti tún púpọ̀ nínú wọn tẹ̀ fún títà.

Àdírẹ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Láti ọdún 1841 ni ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n ti 1851 wúlò jù ú lọ, nítorí pé ó sọ páríṣì (àgbègbè tí ìjọ kan ń bójú tó) tí wọ́n ti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá máàpù tí íǹṣì 25 rẹ̀ dúró fún máìlì kan. Ó ya ilé kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ibi tí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì kan níbùú lóròó lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà kan. Àwọn atẹ̀wé mìíràn a máa dín in kù kí ó lè gba ojú bébà wọn, nítorí náà ìwọ̀n tí ó wà lára ẹ̀dà tí ẹ rà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún àwọn òkè tí a kì í dáko sí, ti íǹṣì 6 sí máìlì kan ni ẹ ó rí.

Etí máàpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀, ọdún tí wọ́n tún un yẹ̀ wò àti ọdún tí wọ́n tẹ máàpù jáde kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ká ní wọ́n wọn ilẹ̀ ní 1893, tí wọ́n tẹ máàpù náà ní 1896: òpópónà tí wọ́n kọ́ ní 1895 kò ní sí níbẹ̀, bí ìkànìyàn 1901 tilẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ni ìdílé yín ń gbé. Ọdún ìwọnlẹ̀, tàbí ti àtúnyẹ̀wò bí ó bá wà, ni kí ẹ gbára lé.

Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni wíwá ilé náà gan-an, torí pé nọ́ńbà ilé kì í sábà sí lórí máàpù, àwọn òpópónà mìíràn sì ti yí orúkọ padà. Ẹ má sì ka nọ́ńbà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ìwé ìkànìyàn sí nọ́ńbà ilé. Nọ́ńbà fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ti ìdílé kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tí mo rí pé ó dára jù ni kí ẹ tọ ipa ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ìkànìyàn: bí ó bá dárúkọ ilé ọtí kan, ẹ wá P.H. lórí máàpù, kí ẹ sì máa ka ilé bọ̀ láti ibẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ wo àyíká rẹ̀ dáadáa. W ni kànga, P ni pọ́ǹpù omi, F.P. sì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ilé ìjọsìn tí ó súnmọ́ jù ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ìsìnkú wọn.

Bí ìdílé náà bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú 1850, ẹ wá máàpù ìdámẹ́wàá (èyí tí wọ́n fi ń pín owó ìdámẹ́wàá ìjọ sórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan) tí òfin ọdún 1836 mú kí wọ́n yà fún ọ̀pọ̀ páríṣì. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ìwé tí ó bá a rìn sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ó ń lò ó, kódà bí ó bá jẹ́ ayálégbé lásán.