Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Ìrìn Òṣèlú Olórí Ìlú Kan ní Taiwan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí olórí ìlú kan ní Taiwan ṣe dé ipò àti bí ó ṣe kúrò níbẹ̀, òfin ìdìbò ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó fetí sí ariwo àwọn alátìlẹ́yìn àti alátakò. Ẹ jẹ́ kí a fi Han Kuo-yu, tó ṣe olórí ìlú Kaohsiung, ṣe àpẹẹrẹ. (Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ wọn, Han ni ẹ ó máa pè é.)

Ẹ wádìí ẹni tí ìlú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 1998 ni ẹgbẹ́ òṣèlú DPP (Democratic Progressive Party) ti ń ṣàkóso Kaohsiung, nítorí náà ohun ìyanu ni nígbà tí Han, ọmọ ẹgbẹ́ Kuomintang tó jẹ́ alátakò wọn, wọlé ní oṣù Kọkànlá 2018 pẹ̀lú ìbò 892,545.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọjọ́ ìdìbò ìlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ààrẹ. Chen Shui-bian àti Ma Ying-jeou, tí wọ́n ṣe olórí ìlú Taipei, àti Lai Ching-te ti Tainan, ti kúrò lórí àga ìlú kí wọ́n tó dupò ààrẹ, wọ́n sì wọlé. Han kò dúró: àga kò tíì gbóná lábẹ́ rẹ̀ tó fi gba ìsinmi lọ ṣe ìpolongo, Tsai Ing-wen ti DPP, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni òfin ìyọnípò. Ó di ìgbà tí olóyè bá lo ọdún kan kí àwọn olùdìbò tó lè bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ náà: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́wàá, kí wọ́n tó dìbò. Àwọn tó ní kó lọ gbọ́dọ̀ ju àwọn tó ní kó dúró lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo olùdìbò ìlú náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2020, 939,090 ènìyàn ní kí Han máa lọ, iye tó ju ti àwọn tó yàn án lọ. 25,051 péré ló ní kó dúró. Ẹ má tìtorí èyí rò pé kò ní olólùfẹ́ mọ́ o: òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tirẹ̀ má jáde dìbò, kí iye ìbò má baà tó.

Ẹ má sì dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Chen Chi-mai, tí Han borí ní 2018, ló wọlé sípò rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2020. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024, Han di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Taiwan. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà débẹ̀: orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú nínú ìwé olùdíje tí Kuomintang fi sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, níbi tí olùdìbò ti ń yan ẹgbẹ́, kì í ṣe ènìyàn.