Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe díkíṣọ́nárì Yorùbá àti Haúsá fún iṣẹ́ mẹkáníìkì, tó máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù

Ẹnikẹ́ni tó bá ti tún ọkọ̀ ṣe rí ní Apo Mechanic Village l'Abuja níbí á ti rí i, ọ̀gá lè jẹ́ Yorùbá kí ọmọ iṣẹ́ jẹ́ Haúsá, wọ́n á wà lábẹ́ ọkọ̀ wọ́n á máa fọwọ́ júwe nǹkan síra wọn. Ó ń dùn mí, torí ọmọ tí ò mọ orúkọ nǹkan tó ń tú á pẹ́ kó tó mọṣẹ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ o, látorí nǹkan gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bíréèkì. Tí mẹkáníìkì bá ní "bíréèkì ọkọ̀ yìí ti tán", páàdì ló ń sọ, tó bá ní "bíréèkì ń jò", ọ́ìlì ni, tó bá wá ní "tẹ bíréèkì", pẹ́dà ló ní lọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ birki tí Haúsá ń pè é síwájú bíréèkì tẹ́ ẹ kọjá lọ, nǹkan tí wọn ò rán ọmọ iṣẹ́ ló máa rà bọ̀. Nínú díkíṣọ́nárì yín, páàdì á ní nọ́ńbà tiẹ̀, ọ́ìlì á ní tiẹ̀, pẹ́dà náà á ní tiẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń pe nǹkan kan, abẹ́ nọ́ńbà kan náà ni kí méjèèjì wà. Ìjánu tí wọ́n ń pe bíréèkì nínú ìwé náà, ẹ fi síbẹ̀, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Ẹ gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ tọrọ àyè, ẹ ya fọ́tò nǹkan náà kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí lẹ ń pe èyí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, torí wọ́n á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí ẹni tó sọ ọ́ ti wá, Haúsá Kano àti ti Sokoto ò fi gbogbo ara rí bákan náà, Yorùbá Ìlọrin àti t'Ìbàdàn náà ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ kéèyàn jókòó sílé kó máa hun ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti ní tiwọn.

Excel tàbí LibreOffice Calc tó láti kó gbogbo ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ ṣáà sefù ẹ̀ ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìsefù tí ò ní ba àmì lórí lẹ́tà jẹ́.

Ibi tó ń da iṣẹ́ rú jù ni lẹ́tà. Lẹ́tà "ẹ́" ò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan á tẹ "ẹ", á fi àmì ohùn sórí ẹ̀, ẹlòmíì á tẹ "e", á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi tòkè, lójú wa ọ̀kan náà ni, àmọ́ téèyàn bá wá ọ̀rọ̀ náà, fóònù á ní òun ò rí i. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan tí Unicode là sílẹ̀ kí lẹ́tà kan náà lè ní kóòdù kan náà níbi gbogbo. Ɓ, ɗ àti ƙ Haúsá náà, ẹ má fi b, d, k lásán rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ṣe kọ́lọ́ọ̀mù kan tí ò ní àmì kankan fún wíwá ọ̀rọ̀, kí ọmọ tó tẹ "bireeki" lè rí bíréèkì, torí ta ló fẹ́ máa wá àmì ohùn pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì? Tẹ́ ẹ bá ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá, gb á tẹ̀ lé g, "ẹ" á tẹ̀ lé "e".

Fún áàpù, FLEx ti SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, wà fún ṣíṣe díkíṣọ́nárì lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, Dictionary App Builder tiwọn náà á sọ ọ́ di áàpù Android tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, tòun ti fọ́tò àti ohùn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá wá tí wọn ò rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kún un.