Bí ẹ ó ṣe jẹ tapas káàkiri Madrid láì jókòó sójú kan

Ẹ má jẹun yó níbì kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mi nípa tapas, oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń jẹ nílé ọtí Madrid, ẹ gba èyí. Àwọn èèyàn wa tó ń wá kí mi láti Èkó àti London, bí wọ́n bá ti fojú kan àga báyìí, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí wọ́n gbé oríṣi mẹ́fà wá pa pọ̀. Kò ní pẹ́ tí pòtétò á ti tutù, tí ẹja á ti rọ̀, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní oúnjẹ Spéìn kò dùn. Oúnjẹ kò ṣẹ̀ wọ́n. Ilé ọtí kọ̀ọ̀kan nílùú yìí ló ní ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ohun yẹn ni kí ẹ jẹ níbẹ̀, lórí ìdúró, kí ẹ sanwó, kí ẹ kọjá síbi tó kàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àsìkò. Aago méjì sí mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì máa ń lù kí oúnjẹ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ síta láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán, tàbí láti aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ lọ sókè. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́fà nítorí pé ebi ń pa á, ẹni tó ń nu káúńtà ló máa bá.

Ẹ tún mọ orúkọ ìwọ̀n oúnjẹ. Tapa ni ó kéré jù. Nígbà mìíràn ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á kàn gbé ólífì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mímu yín. Ración ni àwo kíkún tí èèyàn mẹ́ta lè jọ jẹ, media ración sì ni ìdajì rẹ̀. Ìdajì ni kí ẹ máa béèrè. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń tà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ná. Ní ti ọtí, caña ni gíláàsì bíà kékeré, òun ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ rìn káàkiri, torí bíà kì í ráyè gbóná nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í mutí, kó ní kí wọ́n fún òun ní mosto, omi èso àjàrà tó tutù nini. Kò sí ilé ọtí àtijọ́ tí wọn ò ti ní mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ ṣe bí àwọn ọmọ ìlú ti ń ṣe é. Kí kálukú mú ogún euro wá, kí ẹnì kan dì í mú, òun ni yóò máa san gbogbo owó. Bote ni wọ́n ń pè é. Bó bá tán, ẹ tún dá òmíràn. Ìjà ta ló mu kí ni, ta ni kò mu, á ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ni àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ilé lára. Ẹ̀yìn káúńtà, ẹ lè rí bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó wọ ẹ̀wù funfun, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Ẹ máa fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ títí bàbá á fi rójú gbọ́ tiyín. Ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ẹ wò wọ́n lójú, ẹ pe “¡Jefe!” (ọ̀gá) sókè, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ ni Casa Labra, ní Calle Tetuán (òpópónà ni calle), ẹ̀gbẹ́ Puerta del Sol, gbàgede àárín ìlú. Ọdún 1860 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Inú ilé yìí ni Pablo Iglesias àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú PSOE sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún 1879, ẹgbẹ́ yẹn ṣì ń gbápótí ìbò ní Spéìn títí dòní. Àmọ́ ẹja ló ń gbé tèmi débẹ̀. Ẹja cod ni, irú èyí tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway tí a wá ń rà ní okporoko lọ́jà. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ti àwọn ará ibí. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí iyọ̀ lè jáde, wọ́n á kì í bọ ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á dín in. Bí ẹ bá gé e jẹ, ara rẹ̀ á ró kẹ́kẹ́, inú rẹ̀ á máa ṣí ní ìpele ìpele, ó funfun, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má wá ata níbẹ̀, kò sí. Ìlà méjì ló wà: kí ẹnì kan tò síbi ẹja, kó gba bacalao kan (ẹja yẹn ni) àti croqueta kan, ìyẹn ìṣù kékeré díndín tó rọ̀ nínú, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kejì lọ gba ohun mímu. Ẹ gbé e jáde síta, ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń jó ètè. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Peckham tún fẹ́ padà sórí ìlà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, edé ń dúró dè wá.

Edé náà wà ní La Casa del Abuelo, ní Calle Victoria, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1906. Gambas al ajillo ni kí ẹ béèrè. Nínú ìkòkò amọ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń gbé e wá, òróró ṣì ń hó pẹ̀lú aáyù àti ata gbígbẹ. Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn o. Bí edé bá tán, ẹ fi búrẹ́dì nu òróró ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ibẹ̀ gan-an ni owó yín wà. Kò sẹ́ni tó máa wò yín.

Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún El Rastro, ọjà ńlá ojú títì tó máa ń tú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ La Latina, ẹ gba inú èrò lọ sí Plaza de Cascorro. Ibẹ̀ ni Casa Amadeo Los Caracoles wà. Ìgbín ni wọ́n ń tà. Ẹ má retí ìgbín tiwa o. Èyí kéré bí ìṣáwùrú, inú ìkaraun rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sè é sí, nínú ọbẹ̀ pupa tó ní ata díẹ̀. Ẹ á fi igi ìtayín yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ á wá fa omi ọbẹ̀ tó kù nínú ìkaraun mu. Bí wọ́n bá sì ní callos, ẹ má kọ̀ ọ́, ṣàkì ni. Ó rọ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè. Èmi ò rí oúnjẹ mìíràn ní Madrid tó sún mọ́ ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ o: ìgbín àti ṣàkì yẹn, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú ọbẹ̀ wọn. Croqueta náà, jamón, ìyẹn itan ẹlẹ́dẹ̀, ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé ẹja ni. Ẹ máa béèrè níbi gbogbo pé “¿Lleva cerdo?”, ìyẹn ni pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bacalao, edé, boquerones, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ sínú fíníga, àti tortilla wà níbẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tortilla, ẹ lọ sí Bodega de la Ardosa ní àdúgbò Malasaña, ilé ọtí 1892. Ẹyin àti pòtétò lásán ni, inú rẹ̀ máa ń rọ̀. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn, abẹ́ káúńtà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gbà débẹ̀. Àwọn àǹtí tó bá wé gèlè, ẹ dúró síwájú.

La Venencia ní Calle Echegaray, wáìnì sherry nìkan ni wọ́n ń tà, ẹfun ni wọ́n fi ń kọ gbèsè yín sára káúńtà, wọn kì í gba tip, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá lè fi fóònù sápò kó má yà síbẹ̀. Ọjà oúnjẹ Mercado de San Miguel ńkọ́? Ilé náà rẹwà, irin àti gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ ọ, àmọ́ owó arìnrìn-àjò ni wọ́n ń gbà. Ẹ wọlé wò ó, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Bí ẹ bá ní alẹ́ kan sí i, ẹ wọ ọkọ̀ métró ìlà 5 lọ sí Quintana, ẹ jẹ patatas bravas ní Docamar: pòtétò díndín pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Ó jìnnà sí àárín ìlú, àwọn ará àdúgbò ló sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta ọbẹ̀ náà sínú ìgò pẹ̀lú, torí náà ẹ rà á dání. Métró á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí di aago kan àbọ̀ òru.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ló máa ń tì fún ìsinmi nígbà yẹn, wọ́n á kàn lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí ní Mọ́ńdè náà. Ẹ wò ó lórí fóònù kí ẹ tó wọkọ̀.